Ohun tí a ń ná àti ohun tí a kì í ná nígboro Íńdíà

Ní Gbági, bí aláṣọ bá pe ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ tí o sì kà á fún un láìná an, òun fúnra rẹ̀ á máa wò ọ́ pé kí ló ṣe ọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní Ìbàdàn nìyẹn. Ìwà yìí la sì ń gbé lọ sí Íńdíà, ì báà jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ la bá lọ ní Pune, ìtọ́jú ní Chennai tàbí òwò ní Delhi. Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ kì í ná ọjà o. Wọ́n ń ná an dáadáa. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń ná àti ohun tí wọn kì í ná kò bá tiwa mu. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa jà lórí bísíkíìtì tí wọ́n ti kọ iye rẹ̀ sára, á wá san owó gọbọi lórí ilé tó yẹ kó ná.

Kẹ̀kẹ́ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí òun lojú wa mọ̀ jù. Bajaj tó kún ìgboro Ìbàdàn, Pune ni iléeṣẹ́ wọn wà. TVS ní tirẹ̀, Hosur ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ni. Ọ̀kadà Boxer pàápàá, ọmọ Pune ni. Àwa la sọ kẹ̀kẹ́ náà ní Márúwá, nítorí Buba Marwa tó ṣe alákòóso ológun ní Èkó láti 1996 sí 1999. Àwọn tó ń pè é ní Nápẹ́ẹ̀pù mú un láti ara ètò tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2001 láti fi gbógun ti òṣì. Lọ́dọ̀ wọn, auto lásán ni. Bí o bá wo abẹ́ rẹ̀, ohun kan náà ni: ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan lẹ́yìn, kílọ́ọ̀ṣì àti jíà lọ́wọ́ òsì, bíréèkì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì tó ń já ní Ìwó Road, òun náà ló ń já ní Andheri ní Mumbai. Èrò mẹ́ta ni òfin wọn fàyè gbà, ẹ̀yìn sì ni gbogbo wọn ń jókòó. Ẹni kan ló sábà máa ń dá gbé e bíi ṣátà. Auto tí èrò ń para pọ̀ wọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹnu ibùdó ọkọ̀ ojú irin àti àwọn ojú ọ̀nà kan ni o ti máa rí i.

Mítà ló mú ìyàtọ̀ wá. Ní Mumbai, mítà ni wọ́n ń lò, awakọ̀ kì í sì í pe owó. Láti oṣù Kejì 2025, rúpí 26 ni kìlómítà kan ààbọ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kìlómítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ rúpí 17 àti díẹ̀. Nítorí náà, ìrìn kìlómítà 5 á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ rúpí 86, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò bá dá yín dúró, torí mítà ń ka ìdúró náà. Láti ọ̀gànjọ́ òru sí aago 5 ìdájí, wọ́n ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún un. Ohun tó yẹ kó o ṣe kò pọ̀: dárúkọ ibi tí ò ń lọ kó o tó wọlé, dúró kí awakọ̀ gbà, jókòó, kó o wo mítà. Bí iye tó wà níbẹ̀ bá ju 26 lọ kí ọkọ̀ tó ṣí, a jẹ́ pé kò tíì pa ti èrò tó sọ̀ kalẹ̀ rẹ́. Sọ fún un kó tún un bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìjà nínú ẹ̀. Má ná an. Awakọ̀ tí o bá ń bá ná owó nígbà tí mítà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ á rò pé o fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, á sì gbà fún ọ tayọ̀tayọ̀. Auto kì í sì í wọ gúúsù Mumbai rárá. Tó o bá ń lọ sí ọ̀hún, ìhà Bandra tàbí Sion ni wọ́n á ti já ọ sílẹ̀, kó o wọ takisí dúdú aláwọ̀ ìyeyè tàbí ọkọ̀ ojú irin.

Bengaluru àti Chennai ni kó o ti fọwọ́ sọ́yà. Mítà wà nínú auto níbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò kàn fẹ́ tàn án ni. Iye tó wù wọ́n ni wọ́n á pè, tàbí kí wọ́n ní kí o san iye mítà àti ìdajì rẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ni kó o ti lo ẹnu Bódìjà. Kọ́kọ́ wo iye tí Uber, Ola, Rapido tàbí Namma Yatri ń pè fún ìrìn náà lórí fóònù, kó o tó dá awakọ̀ lóhùn. Bí o bá gba ti orí fóònù, wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin tí o máa kà fún awakọ̀ kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀. Má kà á fún un lórí ìpè. Àwọn kan ń gbà á, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìrìn láìsí ìwọ nínú ọkọ̀. Wo nọ́ńbà ara ọkọ̀, jókòó, kó o tó wá kà á.

Ti Delhi yàtọ̀ díẹ̀, torí gáàsì CNG ni auto wọn ń mu, ìdí nìyí tí wọ́n fi kùn ún ní àwọ̀ ewé àti ìyeyè. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà ló pàṣẹ ní 1998 pé kí àwọn bọ́ọ̀sì ìlú náà kúrò lórí epo dísù, auto àti takisí náà sì tẹ̀ lé e, nítorí èéfín tó bo ojú ọ̀run. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ CNG kíkankíkan láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní 2023, ẹ mọ̀ pé ìlà gáàsì kì í kúrú níbẹ̀ náà. Tí awakọ̀ bá yà láti rọ gáàsì, wọ́n á ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ já ọ sílẹ̀. Agbára tí gáàsì fi ń wọ sílíńdà pọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé e lórí. Wo mítà kó o tó sọ̀ kalẹ̀, kó o sì tún wò ó nígbà tó o bá padà wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìkíni: bhaiya ni kó o pe awakọ̀ ní Delhi, anna ní Bengaluru àti Chennai. Bí a ṣe ń pe ẹni tí a kò mọ̀ rí ní bọ̀ọ̀dá náà ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń gba owó tí wọ́n sì fi ń jẹun, èyí kò nílò àlàyé fún ọmọ Yorùbá.

Ní ti ọjà, ohunkóhun tó bá wà nínú ọ̀rá, páálí tàbí ìgò ti ní iye lára. Wọ́n á tẹ MRP síbẹ̀, pẹ̀lú iye rúpí, owó orí ti wà nínú ẹ̀. Òfin ni: ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kàn lè tà á sí ìsàlẹ̀ ni. Ọṣẹ, búrẹ́dì, omi inú ìgò, ìyẹ̀fun, ọ̀rá kékeré ọṣẹ ìfọrun, gbogbo rẹ̀ pátá. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́ ọ jẹ, má wo ojú olùtà, yí ẹ̀yìn ọjà náà padà. Ilé oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì ló yàtọ̀. Wọ́n lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí omi tí wọ́n gbé wá bá ọ lórí tábìlì. Ká sọ òótọ́, ètò yìí wù mí fún Ìbàdàn ju mítà kẹ̀kẹ́ lọ. Páálí nǹkan kan náà ń ní iye mẹ́ta láàárín Dùgbẹ̀ àti Àpáta.

Ata, tòmátì àti ẹ̀fọ́ kò ní MRP, kó o tẹ́ ẹnu rẹ sílẹ̀ fún wọn. Kìlò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe rọ́bà tàbí kọ́ńgò. Ìdá mẹ́rin kìlò, ìyẹn gíráàmù 250, ni wọ́n ń pè ní pav. Ìyẹn tó fún ẹni kan tó ń sè fún ọjọ́ méjì. Béèrè iye kìlò kan lọ́wọ́ ẹni méjì kó o tó rà lọ́wọ́ ẹni kẹta. Wo òṣùwọ̀n kó wà lórí òdo kí wọ́n tó kó ọjà lé e, kó o sì fúnra rẹ ṣa tòmátì, torí bí o bá jẹ́ kí wọ́n ṣà á, rírọ̀ á wà nísàlẹ̀. Èyí tó máa dùn mọ́ ọ nínú ni pé èènì wà. Tó o bá ra ẹ̀fọ́ tó bọ́ sí i, oníṣòwò á fi ewé dhania (kọriáńdà) kékeré kan àti ata tútù méjì mẹ́ta lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí ẹ bá ti fẹnu kò lórí owó ni kó o béèrè rẹ̀. Bí o bá ti béèrè kí ẹ tó ná an tán, ó ti kà á mọ́ owó nìyẹn. Àwọn ìyá Ọjà Ọjà'ba kò ní kọ́ ẹ ní ìlànà míì.

Aṣọ ojú títì, bíi ti Sarojini Nagar ní Delhi, Gbági gan-an ni. Bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì iye tí wọ́n bá pè, tàbí sí ìsàlẹ̀, kó o sì múra láti rìn kúrò. Àmọ́ bí wọ́n bá kọ fixed price sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, pa ẹnu mọ́.

Tíì ẹ̀gbẹ́ títì, ẹnikẹ́ni kì í ná an. Rúpí 10 sí 20 ló sábà máa ń jẹ́. Ní Mumbai, o lè béèrè fún cutting, ìyẹn ààbọ̀ ife, torí ife wọn kéré, tíì náà sì le. Ẹni tó bá mọ tíì àwọn málàámù ní Sábó, tó ní mílíìkì agolo àti ṣúgà rẹpẹtẹ, á kọ́kọ́ rò pé ìkan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tiwa, omi gbígbóná ni a ń da sí i. Tiwọn, wọ́n ń sè é ni, bí ẹní se ọbẹ̀.

Ó ṣeé sè ní Ìbàdàn láìsí wàhálà. Fún ènìyàn méjì, gbé omi mílílítà 300 kaná. Gún atalẹ̀ tútù tó tó oríkèé àtàǹpàkò kan kó fọ́, má lọ̀ ọ́ kúnná. Fi kànáfùrù méjì àti hóró káádámọ̀mù mẹ́ta tí o ti là sí i. Bí o kò bá rí káádámọ̀mù, fò ó, má fi nǹkan míì dípò rẹ̀. Jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko kí mílíìkì tó sún mọ́ ibẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Atalẹ̀ tútù ní èròjà kan tó ń mú mílíìkì dì, iṣẹ́ tí ewé bomubomu ń ṣe nígbà tí àwọn Fúlàní bá ń ṣe wàrà. Bí o bá da méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á dì wóróbo-wóróbo, omi á sì ya sọ́tọ̀. Híhó yẹn ló ń pa agbára èròjà náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ewé tíì. Èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀ dà bí hóró kéékèèké dúdú, CTC ni wọ́n ń pè é, Assam ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá. Ṣíbí tíì méjì tó kún dáadáa ló tó. Bí ti inú àpò lo bá ní, ya mẹ́rin, kó o da ewé inú wọn sí i. Fi ṣúgà ṣíbí mẹ́ta sí i, jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú méjì, má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀. Da mílíìkì mílílítà 200 lé e. Tó bá jẹ́ ti agolo, 100 nínú ẹ̀ àti omi 100. Tó bá jẹ́ oníyẹ̀fun, fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ po ṣíbí ìjẹun mẹ́ta lọ́tọ̀ kó tó wọ ìkòkò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣe kókó. Dúró tì í. Nígbà tó bá ru dé ẹnu ìkòkò, dín iná kù kó wálẹ̀, jẹ́ kó tún ru lẹ́ẹ̀mejì, kó o wá fi asẹ́ sẹ́ ẹ sínú ife. Bó bá korò, ewé ló ti hó jù kí mílíìkì tó dé. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá funfun jù, ewé ni kó o fi kún lọ́jọ́ míì, kì í ṣe àkókò.

Owó sísan. Íńdíà dá UPI, ètò tí wọ́n fi ń sanwó lórí fóònù láti báńkì sí báńkì, sílẹ̀ ní 2016, ọdún yẹn kan náà ni ìjọba wọn fagi lé owó rúpí 500 àti 1,000 ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá. Àwa tí a tò sẹ́nu báńkì níbẹ̀rẹ̀ 2023 lè fojú inú wo bó ṣe rí. Nísinsìnyí, alátíì àti oníbàtà ojú títì ló ní àwòrán QR tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àpótí wọn. Wàá fi fóònù yà á, orúkọ olùtà á jáde, wàá tẹ iye, wàá tẹ nọ́ńbà àṣírí. Ẹ̀rọ kékeré kan lórí tábìlì olùtà á wá ké iye tó wọlé sókè, gbogbo ènìyàn á gbọ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wà níwájú gbogbo olóúnjẹ ní Ìbàdàn, torí alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti jẹ owó wọn jù. Fi òfin kan sọ́kàn: owó tó ń jáde nìkan ló nílò nọ́ńbà àṣírí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ọ, tó sì ní kó o tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ kó lè wọlé, olè ni.

Àlejò kì í sábà ní UPI lọ́jọ́ tó bá dé. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣí àkáǹtì NRO, irú èyí tí wọ́n ń ṣí fún àlejò, ní báńkì pẹ̀lú ìwé ìrìnnà, físà, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀rí ibi tó ń gbé, ó sì ń gba àkókò. Títí dìgbà náà, máa kó owó wẹ́wẹ́ dání, rúpí 10, 20, 50 àti 100. Awakọ̀ auto tí kò ní ṣéńjì kò yàtọ̀ sí oní-Máíkírà aláàárọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin Mumbai ń ṣiṣẹ́ láti 1853. Tiwa dé Ìbàdàn ní 1901. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò ṣeé ná, rúpí 5 ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì kejì, bí wọ́n bá sì mú ọ láìní in, rúpí 250 ni owó ìtanràn, owó ìrìn lọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n ń ná níbẹ̀ ni ìjókòó. Bẹ́ńṣì ènìyàn mẹ́ta ni, ẹni kẹrin á dé, á ní kí ẹ sún. Ẹ sún fún un. Kẹ́ni má gbìyànjú láti wọ ọkọ̀ náà láàárín aago 8 sí 11 àárọ̀ sí ìhà Churchgate ní gúúsù Mumbai pẹ̀lú àpótí ńlá. Ẹ ò ní lè sọ̀.

Ilé ló kù, ibẹ̀ sì ni owó ńlá wà. Ní Ìbàdàn, owó ọdún kan tàbí méjì ni lańdíọ̀ọ̀dù ń gbà lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́nnù. Níbẹ̀, oṣù-oṣù ni. Kó o tó yọ̀, dípọ́síìtì wà. Ní Delhi, ó lè jẹ́ owó oṣù kan sí mẹ́ta. Ní Bengaluru, ó ti ń dé oṣù mẹ́wàá látọjọ́ pípẹ́, ẹ̀jẹ́ǹtì sì sábà máa ń gba owó oṣù kan. Lakh kan tí wọ́n ń pè jẹ́ 100,000, wọ́n sì ń kọ ọ́ ní 1,00,000, má ṣìnà. 1RK jẹ́ yàrá kan àti ilé ìdáná. 1BHK ní pálọ̀ kún un.

Àdéhùn oṣù 11 ni wọ́n á gbé fún ọ. Òfin wọn ti 1908 ní kí wọ́n fi orúkọ ilé tí wọ́n bá háyà láti ọdún dé ọdún tàbí fún ohun tó ju ọdún kan lọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, owó sì wà níbẹ̀, ni wọ́n bá ń gé e ní oṣù kan. Mumbai àti Pune kò sí nínú èyí o, torí ìpínlẹ̀ Maharashtra ń béèrè ìforúkọsílẹ̀ fún oṣù 11 náà. Iye oṣù dípọ́síìtì, owó ìtọ́jú ilé, owó kíkùn tí wọ́n ń yọ nígbà tó o bá ń lọ, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé ná, kó o ná an kó o tó fọwọ́ sí ìwé. Ohun tí kò ṣeé ná ni ilé tí wọn kò ti ń jẹ ẹran. Béèrè lórí fóònù kó o tó lọ wò ó. Bí wọ́n bá ní pure veg, wá ilé míì. Pańla kò ní bá ọ gbé ibẹ̀.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àlejò, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Form C, náà kò ṣeé ná. Lańdíọ̀ọ̀dù gbọ́dọ̀ fi orúkọ àlejò ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín wákàtí 24, ìwọ náà sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní FRRO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn àlejò, láàárín ọjọ́ 14 tó o bá dé bí físà rẹ bá ju ọjọ́ 180 lọ. Àwọn lańdíọ̀ọ̀dù kan ń sá fún ìwé náà nítorí owó orí. Gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn lórí WhatsApp kó o tó san kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ tó o bá gba kọ́kọ́rọ́, ya fọ́tò mítà iná, ògiri, ẹ̀rọ omi gbígbóná àti gbogbo fáànù, fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Gbogbo ihò ìṣó tí o bá bá lára ògiri, kà á, kó o kọ iye rẹ̀ sí abẹ́ fọ́tò náà, torí dípọ́síìtì rẹ ni wọ́n máa fi dí i.